Ẹ̀yìn Wéésíkóòtù Mẹ́jọ

Làtífátù kì í jókòó. Bí ẹ bá bá a nínú ilé tó ń bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Capitol Heights, orí ìdúró lẹ ó bá a. Yóò máa ká aṣọ tí wọ́n ti ká tẹ́lẹ̀, yóò máa nu tábìlì tí kò dọ̀tí, yóò máa yọjú lójú fèrèsé wo àwọn èèyàn tó ń jáde láti ibùdókọ̀ ojú irin bí ẹni tó ń retí àlejò. Qonitah, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, a máa sọ fún un pé, "Màámi, ẹ jókòó, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Òun náà á dáhùn pé, "Mo ń bọ̀ wá jókòó," á sì gba kíṣìnnì lọ.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹfà, àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wéésíkóòtù mẹ́jọ ló fi kọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá. Aláwọ̀ búlúù tó ṣókùnkùn ni gbogbo wọn, bọ́tìnnì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ń dán níwájú wọn, ojú bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ló sì fi ọwọ́ rán, kò jẹ́ kí máṣìnnì fara kàn án. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ẹni tó ni iṣẹ́ máa wá wò ó. Aago kan kò tí ì lù tí Làtífátù ti tún wọn gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, tó fi àtẹ́lẹwọ́ ra èjìká wọn, tó sì tún gbé wọn kọ́.

Ó ní ohun tó ń lé e kiri. Bí iṣẹ́ yìí bá tẹ́ onítọ̀hún lọ́rùn, kóòtù ẹgbẹ́ wọn yóò tẹ̀ lé e, ṣòkòtò yóò tẹ̀ lé kóòtù, Làtífátù yóò sì padà di télọ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò máa gbé àwọn arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́ lọ nílé ìtọ́jú tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Clinton, títí ìbàdí tó ń dùn ún láàárọ̀ láàárọ̀ yóò fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún un.

Télọ̀ gidi ni tẹ́lẹ̀. Òkè-Bọ́lá ní Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń jẹ́ Akínlọ́lá, tó jẹ́ pé kóòtù ọkùnrin nìkan ló ń rán. Òun nìkan ni obìnrin láàárín ọmọṣẹ́ méje. Àwọn ọkùnrin yẹn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní bùbá ni kó lọ kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe fúrídọ̀mù, kóòtù tó rán ni ọ̀gá rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó sì fi ogún ọdún ó lé méjì jókòó ti máṣìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni o, nígbà yẹn, ó máa ń jókòó.

Ọ̀gbẹ́ni Contee ló tún mú òwú padà bá a. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé rẹ̀ wà ní Glenn Dale, ìyá rẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún sì wà lára àwọn tí Làtífátù ń tọ́jú. Lọ́jọ́ kan tó wá kí ìyá rẹ̀, ó bá Làtífátù níbi tó ti ń fi abẹ́rẹ́ tún apá aṣọ ìyá náà rán, lórí ìdúró, láìbọ́ aṣọ lọ́rùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé iṣẹ́ yín rèé tẹ́lẹ̀?" ló bi í.

"Iṣẹ́ mi ni."

"Ṣé ẹ lè rán fẹ́ẹ̀sì fún sójà mẹ́jọ? Bọ́tìnnì mẹ́sàn-án níwájú?"

Làtífátù ní òun lè rán an, nítorí kò fẹ́ kí ó lọ bi ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti dàrú. Ní Ìbàdàn, ohun tí wọ́n ń pè ní fẹ́ẹ̀sì ni síngílẹ́ẹ̀tì tí ọkùnrin ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ. Ó gba yàrá ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ lọ bá Sherifat, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Sherifat, ọmọ ìyá àgbà yẹn ní kí n rán síngílẹ́ẹ̀tì fún sójà."

Sherifat gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Sójà Amẹ́ríkà? Ṣé orí ìbọn ni wọ́n ná gbogbo owó wọn sí, tí kò wá ku ti abẹ́ aṣọ mọ́?"

"Ó tún ní bọ́tìnnì mẹ́sàn-án ni kí n fi sí i."

"Bọ́tìnnì mẹ́sàn-án lára síngílẹ́ẹ̀tì! Ìyá Qonitah, kí wọ́n tó tú u tán, ogun á ti parí."

Ọjọ́ kejì ni Ọ̀gbẹ́ni Contee fi àwòrán hàn án lórí fóònù. Àwòrán àtijọ́ ni, ọkùnrin dúdú kan jókòó sórí àga, ó ṣí kóòtù sójà rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ kóòtù náà sì yọ. "Háà! Wéésíkóòtù!" ni Làtífátù kígbe. "Wéésíkóòtù lẹ̀ ń pè ní fẹ́ẹ̀sì!" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kó pè é bó ṣe wù ú, kó ṣáà ti rán an.

Ó wá ṣàlàyé fún un. Òun àti ọ̀rẹ́ òun méje, àwọn tó ti tó ọgọ́ta ọdún sókè, a máa wọ aṣọ bíi ti àwọn sójà dúdú tó ja ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó ti lé ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, tó sì fòpin sí ẹrú ṣíṣe. Wọ́n á pa àgọ́ sórí pápá, wọ́n á yan, wọ́n á sọ ìtàn fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó ní ìjọba ìgbà yẹn fún sójà ní kóòtù, ó fún un ní ṣòkòtò àti bàtà, ṣùgbọ́n kò fún un ní wéésíkóòtù. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa wá tirẹ̀ fúnra rẹ̀. "Nínú gbogbo ohun tó wà lára wọn," ló wí, "ìyẹn nìkan ló jẹ́ tiwọn." Ọ̀rọ̀ náà wọ Làtífátù lára. Ó gba aṣọ wúùlù tí ọkùnrin náà ti rà, ó gba ìwọ̀n èèyàn mẹ́jọ, ó sì gba ìwé olójú mẹ́rin tó sọ bí wọ́n ṣe ń rán an.

Sherifat ló bá a ka ìwé náà, nítorí òyìnbó inú rẹ̀ le. Wọ́n ka ti kọ́là, wọ́n ka ti àpò mẹ́ta iwájú, títí wọ́n fi dé ti ẹ̀yìn.

"Wọ́n ní aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ẹ̀yìn rẹ̀," ni Sherifat kà, "aláwọ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì kékeré méjì tí wọ́n á fi fà á mọ́ ìbàdí."

"Tún ibẹ̀ yẹn kà."

Ó tún un kà.

"Fò ó," ni Làtífátù wí.

"Kí n fò ó kẹ̀? Ṣé ẹni tó ni aṣọ kọ́ ló kọ ọ́?"

"Mo ní kó o fò ó. Aṣọ tí wọ́n gbé fún mi, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa bá lára wọn, iwájú àti ẹ̀yìn. Ta ló máa bínú pé mo fún òun ní ojúlówó?"

Sherifat wò ó lójú, ó sì ṣí ìwé sí ojú kejì. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Bọ́lá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Akóredé gbé aṣọ wá fún Làtífátù kó fi rán kóòtù, ṣòkòtò àti wéésíkóòtù tó máa wọ̀ lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Làtífátù rán an bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ: aṣọ gidi níwájú wéésíkóòtù, láínì, ìyẹn aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú kóòtù, lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń rán an káàkiri ayé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ooru mú lọ́jọ́ náà, tíṣà bọ́ kóòtù rẹ̀ níwájú gbogbo ilé ìwé, àwọn tó jókòó sẹ́yìn sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ̀yìn aṣọ yín dà? Télọ̀ ti jẹ ẹ́!"

Ní Mọ́ńdè, Akóredé dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó na wéésíkóòtù náà sókè. "Ẹ̀yìn aṣọ mi dà?" ló ń ké. "Mo mọ iye ọ̀pá tí mo rà! Ẹ̀yìn aṣọ mi dà?" Làtífátù ṣàlàyé títí ó sú u. Àṣẹ́kù aṣọ náà, inú àpò kan náà tó fi kóòtù sí ló kó o sí, ṣùgbọ́n nígbà tí tíṣà máa wá a, kò bá a níbẹ̀. Ẹni tó mú un, Ọlọ́run ló mọ̀. Ta ló sì fẹ́ gbọ́ àlàyé? Kò sẹ́ni tí kò gbà pé télọ̀ ń jẹ aṣọ. Èyí tí ọwọ́ máa tẹ̀ ni wọ́n ń wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ kékeré ò lè gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá kó má ké e pé, "Ẹ̀yìn dà?" Láàárín ọdún kan, aṣọ tí wọ́n ń gbé wá kò ju àtúnṣe ṣòkòtò lọ. Nígbà tí Qonitah dàgbà, tó ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀ ní Maryland, ó ta máṣìnnì rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó ti búra fúnra rẹ̀ pé bí òun bá tún rán wéésíkóòtù láyé, ojú kan náà ni iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ní.

Ní Ọjọ́rú náà, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Contee kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Làtífátù kí i, ó fún un ní omi, ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mu ún tán, ó sì gbé wéésíkóòtù tirẹ̀ fún un.

Ó wọ̀ ọ́. Ó de bọ́tìnnì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú bọ́tìnnì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí i lójú. "Miss Làtífátù," ló wí, "a ti ra fẹ́ẹ̀sì lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, àwa ò rí irú èyí rí." Nígbà náà ni ọkùnrin náà na ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń fi ìka wá nǹkan ní ìbàdí rẹ̀. Ó wá a lápá ọ̀tún, ó wá a lápá òsì. Ó bọ́ wéésíkóòtù náà, ó yí i padà.

"Miss Làtífátù," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀yìn rẹ̀ dà?"

Ife bọ́ lọ́wọ́ Làtífátù. Oníke ni, kò fọ́, ó kàn yí lọ sábẹ́ àga.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ rèé!" ló ké. "Ẹ ò rí i ni? Ẹ̀yìn rẹ̀ rèé lọ́wọ́ yín! Aṣọ yín ni! Mi ò mú nǹkan kan níbẹ̀!"

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí. "Kò sẹ́ni tó ní ẹ mú nǹkan kan. Ti òwú ni mò ń wí. Ẹ̀yìn tó yẹ kó fẹ́lẹ́, pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀." Ó jókòó, ó sì sọ ọ́ fún un bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀: pé wúùlù ni kóòtù, wúùlù ni ṣòkòtò, pé bí ẹ̀yìn wéésíkóòtù náà bá tún jẹ́ wúùlù nínú ooru oṣù kẹfà, wọ́n á gbé ẹnìkan kúrò lórí pápá. Ọ̀kan nínú wọn ti dákú rí lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, àyẹ̀wò wà. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, obìnrin kan tó mọ̀ nípa aṣọ àtijọ́ yóò wo ara olúkúlùkù wọn kí wọ́n tó yan. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá bá ti ìgbà náà mu, ẹ̀yìn okùn ni yóò dúró sí pẹ̀lú àwọn òǹwòran.

"Gbogbo èyí wà nínú ìwé," ló wí.

"Mo mọ̀," ni Làtífátù dáhùn.

"Ẹ mọ̀?"

Làtífátù bẹ̀rẹ̀, ó mú ife náà lábẹ́ àga. Ọkùnrin náà fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Obìnrin kan wà ní Virginia," ló wí. "Ó ní mẹ́fà tó ti rán sílẹ̀. Bóyá kí n kúkú pè é."

"Ẹ má pè é." Ó ti ń kó wéésíkóòtù náà sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn. "Ẹ fún mi di àárọ̀ Sátidé."

Ọjọ́bọ̀ kò ṣeé lò, nítorí iṣẹ́ wà láti aago méje àárọ̀ di mẹ́ta ọ̀sán. Làtífátù tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wẹ ìyá àgbà, ó ti kẹ̀kẹ́ lọ, ó ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára aago ògiri. Gbogbo ẹ̀yìn tó ń kọjá níwájú rẹ̀ ló ń wò: ẹ̀yìn dókítà, ẹ̀yìn ẹni tó ń nulẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ló gbé oúnjẹ ẹnìkan fún ẹlòmíràn. Bí iṣẹ́ ṣe parí, Sherifat gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n gba Route 5 lọ ra aṣọ òwú.

"Ìyá Qonitah," ni Sherifat wí lójú ọ̀nà, "bíréèkì ò sí níbi tẹ́ ẹ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn o. Ọ̀dọ̀ tèmi ló wà."

"Wakọ̀ ẹ."

"Mo ń wà á. Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń bá mi wà á. Mo ka ẹ̀yìn sí yín létí lẹ́ẹ̀mejì, àbí mi ò kà á?"

"O kà á."

"Ẹ ní kí n fò ó."

"Mo ní kó o fò ó. Ó tó báyìí, Sherifat."

Wọ́n dé ilé ìtajà. Níbẹ̀, Sherifat ló bá a na aṣọ sí ojú iná, tí wọ́n ń wo èyí tó fẹ́lẹ́ tí kò sì ní ya.

Láàárọ̀ Jímọ̀, lẹ́yìn tó ti gba àyè níbi iṣẹ́, Làtífátù tẹ́ wéésíkóòtù mẹ́jọ sórí tábìlì oúnjẹ, ó gbé àlùmọ́gàjí. Gbogbo ohun tó kù ni pé kó tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ àti ti èjìká, kó yọ ẹ̀yìn kúrò, kó sì fi ti òwú dípò. Iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ni. Ó fi ẹnu àlùmọ́gàjí kan òwú àkọ́kọ́, ó sì gbé e kúrò. Ó lọ fọ abọ́. Ó padà wá, ó tan áyọ́ọ̀nù, ó lọ aṣọ òwú tó ti lọ̀ lánàá. Ó tún gbé àlùmọ́gàjí, ó tún gbé e sílẹ̀, ó lọ yọjú lójú fèrèsé. Ẹni ejò bá ti ṣán rí, bó rí ekòló, á tadí mẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni Qonitah ti dé bá a. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé ni, wákàtí méjìlá ló fi wà lórí ẹsẹ̀, káàdì orúkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi. Mo rò pé ẹ ti máa ṣe méjì."

"Mi ò tí ì bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n á ní ibo ni ẹ̀yìn rẹ̀ wà."

Qonitah bọ́ bàtà rẹ̀, ó wá síbi tábìlì. "Màámi, ẹ gbọ́," ló wí. "Inú ṣọ́ọ̀bù lẹ̀yin wà nígbà yẹn. Èmi ni mò ń lọ sílé ìwé. Nínú kíláàsì ni, níbi omi ni, bí mo bá dìde láti dáhùn ìbéèrè, ẹnìkan á ké 'Ẹ̀yìn dà?' lẹ́yìn mi. Ọdún méjì."

Làtífátù yíjú sí i. "O ò sọ fún mi."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i? Ẹ ò jẹ ẹ̀yìn aṣọ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ nígbà yẹn, mo mọ̀ nísinsìnyí. Bí wọ́n ṣe ń rán an lẹ ṣe rán an, Akóredé ni kò mọ wéésíkóòtù." Ó mú àlùmọ́gàjí, ó fi í sí ọwọ́ ìyá rẹ̀. "Ẹ wá lọ fi wúùlù sí ẹ̀yìn sójà nítorí Akóredé! Ẹ gé e, ẹ jọ̀ọ́. Kí n lè sùn. Ẹsẹ̀ yín kì í jẹ́ kí n sùn nínú ilé yìí."

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Làtífátù dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lórí. Lẹ́yìn náà ló fa àga, ó fi ìdí lé e, ó sì tú ẹ̀yìn àkọ́kọ́ kúrò láìgbé orí sókè. Ó tú ìkejì. Aago mọ́kànlá, ó ti tú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó dìde kírun ọ̀sán, ó padà síbẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, èjìká méjìlá ti so mọ́ra, bẹ́líìtì kéékèèké wà nílẹ̀ bí ewé. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti parí. Òun fúnra rẹ̀ wọ ọ̀kan, ó lọ dúró níwájú dígí, ó yí ẹ̀yìn sí i. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó fẹ́lẹ́, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lára. Ó dára. Inú bí i pé ó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé, wọ́n ti pa àgọ́ funfun sórí pápá kan nítòsí Glenn Dale nígbà tí Sherifat já a sílẹ̀ níbẹ̀. Ooru ti ń mú. Ọ̀gbẹ́ni Contee àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò sójà, wọ́n ń nu bàtà. Làtífátù kó wéésíkóòtù fún wọn, kò dúró kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́, ó sì na àpò kan sí Contee.

"Kí lèyí?"

"Ẹ̀yìn ti wúùlù. Ẹ kà á."

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín. Kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ kà á ná."

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kó wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí koríko, ó kà wọ́n sókè níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dé orí ẹ̀kẹjọ. Lẹ́yìn náà ló tún kó àjákù tínńtín tó wà ní ìdí àpò jáde, ó gbé e sókè, ó bi í pé, "Ṣé kí n ka èyí náà?"

"Ẹ kà á," ni Làtífátù wí, àwọn ọkùnrin méje tó kù sì bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò dé ní aago mẹ́sàn-án géérégé. Àgbàlagbà ni, awò ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn. Ó to àwọn mẹ́jọ náà, ó ń ti òpin ìlà bọ̀ láìyára. Ó fa bọ́tìnnì, ó yọjú wo inú àpò, ó ní kí wọ́n yí ẹ̀yìn padà. Làtífátù wà lẹ́yìn okùn, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ káàkiri. Ẹnìkínní kọjá. Ẹnìkejì. Lọ́dọ̀ ẹnìkẹfà, obìnrin náà dúró. Ó wọ awò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ìbàdí ọkùnrin náà, ó sì mi orí.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Làtífátù ti gba abẹ́ okùn kọjá. Bẹ́líìtì kan ló yí inú síta. Ibi tó ti rẹ̀ ẹ́ jù ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni. Ó fa abẹ́rẹ́ yọ nínú gèlè rẹ̀, òwú ti wà lójú rẹ̀.

"Ẹ má mira," ló sọ fún ọkùnrin náà.

"Ṣé ẹ máa gún mi ni?"

"Bí ẹ bá mira."

Ó tú u, ó yí i, ó tún un rán, ó fi eyín já òwú náà. Obìnrin aláwò ń wo ọwọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó fa bẹ́líìtì náà wò, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹnìkeje.

Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló yan lọ́jọ́ náà. Ooru mú, wọ́n ṣí kóòtù sílẹ̀, nígbà tí wọ́n sì parí, wọ́n bọ́ ọ pátápátá, wọ́n jókòó lábẹ́ igi. Ẹ̀yìn wọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọ sí àwọn òǹwòran. Làtífátù ń dúró de ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kékeré kan tiẹ̀ bi ìyá rẹ̀ pé ṣé òun náà lè rí irú rẹ̀ wọ̀.

Obìnrin aláwò náà wá bá a níbi tó ń ká àpò rẹ̀. Ó bi í bóyá òun ló fi ọwọ́ rán ojú bọ́tìnnì wọ̀nyẹn. Làtífátù ní òun ni. Ó bi í bóyá ó lè rán kóòtù fún àwọn mẹ́jọ náà kí ìgbà ìrúwé ọdún tó ń bọ̀ tó wọlé.

"Ìwé rẹ̀ ńkọ́?" ni Làtífátù wí.

Wọ́n mú ìwé wá. Ó kà á lórí ìdúró níbẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e láti orí ìlà dé orí ìlà, ó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò yé e, kò fo nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló ní òun lè rán an. Wọ́n fún un ní kóòtù kan pé kó mú lọ sílé, kó tú inú rẹ̀ wò bó ṣe wù ú.

Ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Contee já a sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Largo. Ọkọ̀ kò tí ì gbéra tí Sherifat fi pè é.

"Wọ́n yan àbí wọn ò yan?"

"Wọ́n yan."

"Alhamdulillah! Ọlọ́run ti dá wa lóhùn. Ṣé ẹ̀ ń bọ̀ ní Mọ́ńdè, àbí ẹ ti di ọ̀gá télọ̀?"

"Mo ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Bá mi sọ fún wọn kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò ní Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀. Mo fẹ́ ránṣọ."

"Kí ló kù sí ìbàdí mi tí mo máa fi gbé àwọn èèyàn yìí nìkan?" ni Sherifat wí, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

Làtífátù fi fóònù sínú àpò, ó tẹ́ kóòtù náà sórí ẹsẹ̀. Ó fi ìka tẹ èjìká rẹ̀, ó rí i pé ẹni tó rán an ti fa òwú jù. Ó yí apá rẹ̀ inú síta. Ó wo bí wọ́n ṣe so láínì mọ́ ọn, kò gbà, ó tún un wò, ó gbà díẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ọkọ̀ ti fi Capitol Heights sílẹ̀, wọ́n ti dé Benning Road nínú ìlú Washington. Ó fò dìde, ó bọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó pa dé, ó sá kọjá sí òdìkejì, ó sì wọ èyí tó ń padà bọ̀, apá kóòtù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú síta.